Alága Pápá Gọ́ọ̀fù Wọ Àáró

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà tó jáde láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ùpẹnmẹ̀n, ẹ ó rí ẹ̀rọ ìgékoríko kan lórí pèpéle sìmẹ́ǹtì ní ẹnubodè pápá gọ́ọ̀fù. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún. Wọ́n sin táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú sìmẹ́ǹtì kí ó má baà yẹsẹ̀. Lára rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé, “Ọlọ́lá Sylvanus Adékọ́lá ló fi ẹ̀rọ yìí lọ́lẹ̀.” Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gé koríko ni o, òun ni wọ́n sọ di ère. Koríko tó yẹ kó gé ti bò ó dé ìdajì nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, a ò tíì débì kankan.

Ọ̀gbẹ́ni Adékọ́lá yìí ni Alága Àjọ Pápá àti Ìgbafẹ́. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ohun tó sì kọ́ níbẹ̀ kò ju bí èèyàn ṣe ń wọlé tí gbogbo ilé á fi dìde. Àwọn agékoríko tí pápá náà ní, ó kó wọn kúrò nínú oòrùn wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó rán ṣòkòtò funfun fún wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dìde bó bá wọlé, kí wọ́n tún dìde bó bá ń jáde. Ọjọ́ tó bá gbàgbé gíláàsì ojú rẹ̀ sínú mọ́tò, orókùn á ro wọ́n ju ti ìgbà tí wọ́n ń fi àdá ṣán oko lọ.

Akọ̀wé rẹ̀ ń jẹ́ Dominic. Ọmọ yìí kàwé, orí rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n ó ti rí i pé gbólóhùn kan ṣoṣo tó láti fi jẹun ní ọ́fíìsì náà. “Ẹ wí i re, sà” ni gbólóhùn náà. Bí ọ̀gá bá sín, Dominic á ní ó wí i re.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́, òjò àkọ́rọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ṣí pápá gọ́ọ̀fù fún eré ọdún, tí àwọn èèyàn ńlá á wá láti Àkúrẹ́ wá na bọ́ọ̀lù kékeré káàkiri inú koríko. Àlejò pàtàkì ọdún náà ni Alhaji Abdulrasheed, ọmọ Àkókó kan tí ìjọba máa ń bi léèrè kí wọ́n tó yan kọmíṣọ́nnà. Ipò kọmíṣọ́nnà kan sì ṣófo. Ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tí oorun kò kùn mọ́ nítorí rẹ̀. Adékọ́lá ti ní kí ìyàwó òun máa pe òun ní Kọmíṣọ́nnà nílé kí etí òun lè mọ́ ọn lára. Mojíbọ́lá ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kì í fàkókò ṣòfò, ní, “Kọmíṣọ́nnà, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo fẹ́ gbálẹ̀.”

Bí ọjọ́ ìṣípàpá ti ń sún mọ́lé, ọ̀gá lọ wo pápá. Dominic di agboòrùn lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí pápá ṣe rí. Ẹ̀kan àti eéran ti gba ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù. Ikán ti kọ́lé síbi tó wù wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi koríko yí ihò gọ́ọ̀fù ká bíi ti òkè òkun. Iyanrìn la máa ń pò mọ́ epo ẹ́ńjìnnì àlòkù, tí a ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí bọ́ọ̀lù lè máa yí lórí rẹ̀. Búráùn ni àwọn eléré ń pè é. Ọyẹ́ ti fẹ́ búráùn lọ, adìyẹ sì ń yí ara nínú èyí tó kù.

Ọ̀gá wò ó títí, inú bí i. “Ta ló fún koríko yìí láṣẹ láti hù?”

“Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, sà.”

“Kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i.”

“Ẹ wí i re, sà.”

N kò purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n kan pátákó kan mọ́lẹ̀ sáàárín pápá, tí wọ́n kọ sí i pé koríko tí kò bá jáwọ́ yóò rí ìbínú Alága. Koríko kò mọ̀wé, ó sì ń hù lọ.

Nígbà tó di pé ìkìlọ̀ kò ran koríko, Dominic fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé àwọn àgbẹ̀ wà ní Ùpẹnmẹ̀n, pé bí ọ̀gá bá bẹ̀ wọ́n ní ọ̀wẹ̀, wọn á tún pápá náà ṣe wẹ́rẹ́. Inú ọ̀gá dùn títí ó fi délé, tí Mojíbọ́lá sì ṣàlàyé ohun tí ọ̀wẹ̀ jẹ́ fún un. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀wẹ̀. Iyán tó kúnná, ẹran ìgbẹ́ tó ń fojú koni, ẹmu tí kò kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì jẹ ẹ́ títí wọn á fi ní ó tó. Ọ̀gá káwọ́ mọ́rí. Ẹ mọ̀ pé awun kì í fẹ́ kí wọ́n mọ òun ní awun, nítorí náà ó pe ìwà awun rẹ̀ ní ètò.

“Dominic, irú iṣẹ́ wo làwọn àgbẹ̀ ń ṣe fúnra wọn tí kò ní oúnjẹ nínú?”

“Àáró ni, sà. Ṣùgbọ́n nínú àáró, sà, ẹni tí wọ́n bá—”

“Ó tó! Àáró la fẹ́.”

Dominic gbé ìyókù gbólóhùn rẹ̀ mì. “Ẹ wí i re, sà.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ oko rí, ẹ ti mọ ohun tó gbé mì. Ẹ̀yin ọmọ ìgboro, ẹ gbọ́. Nínú àáró, gbogbo ẹgbẹ́ á kó ọkọ́ lọ sí oko ẹnìkan lónìí, wọn á lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí á fi kárí. Kò sẹ́ni tó ń gún iyán fún ẹnikẹ́ni, nítorí apá rẹ ni oúnjẹ tí o máa fi san án. Òfin àwọn ará Ùpẹnmẹ̀n tún le díẹ̀. Bí ó bá ku ẹnìkan tí kò dé, tí kò sì rán ẹlòmíràn dípò, wọn kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Wọn á jókòó sábẹ́ igi títí wọn á fi mú un wá. Wọ́n ní bí àwọn bá bẹ̀rẹ̀ láìsí i, àwọn ti dárí jì í nìyẹn, ẹni tí a bá sì dárí jì lọ́jọ́ kan á fẹ́ kí a máa dárí ji òun lójoojúmọ́.

Ọ̀gá wọ Ùpẹnmẹ̀n pẹ̀lú mọ́tò mẹ́ta àti ayàwòrán kan. Ó bọ́ sáàárín àwọn àgbẹ̀, ó la ẹnu. “Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ̀yin iyọ̀ ilẹ̀! Ẹ̀yin gbòǹgbò igi tí èmi jẹ́ òdòdó orí rẹ̀!” Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí òjìji agboòrùn fi yí kúrò lórí rẹ̀ tó bọ́ sórí ewúrẹ́ kan. Ìgbà tó rọlẹ̀ tán ló tó sọ pé àáró lòun bá wá.

Akínwọlé, olórí ẹgbẹ́ àáró, dìde. Ara bàbá náà balẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. “Ọ̀gá, ọma ùlú ni yín, a kí yín káàbọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé àáró gan-an lẹ wí? Ẹ ó wọ ẹgbẹ́ wa?”

“Bàbá, ìwọ fẹ́ kọ́ mi ní àṣà? Inú àáró ni wọ́n bí mi sí! Èmi ni kí ẹ fi ṣe ẹni àkọ́kọ́!”

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Ẹni tó kàn láti ṣe oko rẹ̀ ni Àbẹ̀ẹ́bí, opó kan tí oko rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gba gbẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ebè síbẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó fi omi kún un, ẹrẹ̀ á gbé ọkọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Iṣu yìí sì ni obìnrin náà fi ń jẹun, òun ló fi ń rán ọmọ níléèwé.

Àbẹ̀ẹ́bí ronú díẹ̀. “Ẹ fi ọ̀gá ṣáájú mi,” ló wí. “Uṣu mi ti ń yọ ẹ̀hù nínú ulé, kò lè dúró pẹ́. Ọjọ́ tó bá tẹ̀lé ti ọ̀gá, tèmi ni o. Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ ó ghá?”

“Màá wá! Màá ṣáájú yín débẹ̀!” Ọ̀gá gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, ó fi gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí, bí a ṣe ń wọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá rò pé nítorí àwòrán ni. Ó tún un gbá kí ayàwòrán lè yà á dáadáa, ìyẹn ni pé ó wọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ pápá náà, ẹ̀yin ì bá ti rí i! Àwọn ará Ùpẹnmẹ̀n dé kí ìrì tó gbẹ. Wọ́n ṣán ẹ̀kan, wọ́n hú gbòǹgbò, wọ́n wó ilé ikán. Wọ́n kó iyanrìn láti etí odò, wọ́n pò ó mọ́ epo àlòkù, wọ́n tẹ́ ẹ yí àwọn ihò ká títí ó fi ń dán. Ọ̀gá jókòó sábẹ́ agboòrùn, ó ń sọ àwọn ihò lórúkọ. Ihò Adékọ́lá Àgbà, Ihò Adékọ́lá Kékeré, Ihò Ìrántí Ìyá Adékọ́lá. Ihò kan wà tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú dáadáa, ó fi orúkọ Dominic sọ ọ́. Omi tí àwọn òṣìṣẹ́ mu lọ́jọ́ náà, àwọn ló gbé e wá láti ilé wọn.

Nírọ̀lẹ́, Akínwọlé nu ọkọ́ rẹ̀. “Ọ̀gá, ó di àárọ̀ ọ̀la lóko Àbẹ̀ẹ́bí.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín tí àwọn alágbára máa ń rín bí wọ́n bá ti gba ohun tí wọ́n fẹ́ tán, ẹ ti gbọ́ ọ rí.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ pé sí oko Àbẹ̀ẹ́bí, ó ku ẹnìkan. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, àwọn ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ní ọ̀gá wà nípàdé. Wọ́n tún ránṣẹ́, ìpàdé ti bí ìpàdé mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ láti ìhà Ìfọ́n, ìkùukùu sì ń kóra jọ lórí odò. Àbẹ̀ẹ́bí ń wo ojú ọ̀run, ó ń wo ilẹ̀ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn kan ní kí wọ́n ṣáà bẹ̀rẹ̀ láìsí ọ̀gá, ṣùgbọ́n Àbẹ̀ẹ́bí fúnra rẹ̀ kọ̀. “Mo fún un ní àyè mi,” ló wí. “Ẹ̀ ń ní kí n tún fún un ní òfin wa?”

Ọ̀gá lè rán ènìyàn kan wá dípò o. Kódà ọ̀kan nínú àwọn tó ń dìde ní ọ́fíìsì rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá wá dìde fún un? Ó ronú jinlẹ̀, ó sì rán Dominic wá pẹ̀lú àwòrán ara rẹ̀ ńlá kan nínú férémù, èyí tó wọ ẹ̀wù ọlọ́lá nínú rẹ̀. Dominic kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. “Ọ̀gá ní àwòrán yìí dúró fún òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe níbi ayẹyẹ.”

Ẹ̀rín gba abẹ́ igi. Àbẹ̀ẹ́bí gba àwòrán náà, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ poro, ó fi ọkọ́ kan tì í lápá. Ó fi ewé kókò bò ó lórí kí oòrùn má baà pa ọ̀gá. Wọ́n wò ó títí di ìrọ̀lẹ́, kò kọ ebè kan.

Ọjọ́ ìṣípàpá ló wá tẹ̀ lé e. Ẹ wo àga, ẹ wo àsíá! Àwọn èèyàn ńlá dé, Alhaji Abdulrasheed dé pẹ̀lú fìlà pẹlẹbẹ àti ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ọ̀gá wọ ṣòkòtò funfun, ìbọ̀wọ́ funfun, àti bàtà gọ́ọ̀fù tó ní eyín nísàlẹ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú díẹ̀, gbogbo ènìyàn fẹ́ kí eré tètè bẹ̀rẹ̀. Àfi ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú.

“Kí n tó dé,” ni Ọlọ́lá ń wí, “ilẹ̀ yìí wà ní júujùu! Mo ní kí koríko kúrú, koríko kúrú! Mo ní kí iyanrìn tẹ́, iyanrìn tẹ́!”

“Ẹ wí i re, sà!”

“Àwọn aṣáájú kan á jókòó sínú ẹ̀rọ amúlétutù. Èmi kọ́! Ẹ wo ọwọ́ yìí! Ọwọ́ yìí ló di ọkọ́ mú! Mo wọ ẹgbẹ́ àáró pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ Ùpẹnmẹ̀n, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́!”

“Òótọ́ lẹ sọ!” Ohùn Akínwọlé ló jáde láti ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ náà ti wọlé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, Àbẹ̀ẹ́bí wà láàárín wọn. Àwọn ọlọ́pàá rò pé àwọn tí ọ̀gá ní kí wọ́n wá yin òun ni.

Inú ọ̀gá dùn. “Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ ẹnu àwọn ènìyàn mi!”

“Òun náà la ṣe ghá,” ni Akínwọlé dáhùn. “Oko Àbẹ̀ẹ́bí ló kàn, ọ̀gá. A ti ń dúró dè yín.” Ó gbé àwòrán inú férémù sókè, pẹ̀lú ewé kókò lórí rẹ̀. “Èyí tẹ́ ẹ rán sí wa, kò mọ ọkọ́ dì mú.”

 Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú àwọn àlejò, ẹ̀rín náà sì ràn kálẹ̀.

“Ẹ dákun, sà,” ni ọ̀gá sọ fún Alhaji, “n kò mọ àwọn èèyàn yìí rí. Wọ́n ti mutí.”

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ẹ bá wọn wọ àáró,” ni Alhaji wí. Ó yíjú sí Àbẹ̀ẹ́bí. “Ìyá, àwọn ìyá wa ní Àkókó náà ń ṣe é. Ebè tí àáró kọ ló rán mi níléèwé. Ẹni tí wọ́n bá bá ṣiṣẹ́, tí kò wá bá wọn ṣe, kí lẹ máa ń pè é lọ́dọ̀ tiyín?”

“A kì í pè é mọ́, sà,” ni Àbẹ̀ẹ́bí dáhùn. “A kì í pè é síbi kankan mọ́.”

Àrá sán níhà odò. Àbẹ̀ẹ́bí gbọ́ ọ, ohùn rẹ̀ sì já. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Òjò mà ń bọ̀. Ẹ bínú sí mi lọ́la, ẹ ghá bá mi kọ ebè lónìí.”

Alhaji gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù rẹ̀ fún awakọ̀. “Bí òjò bá bá bọ́ọ̀lù nílẹ̀, kò ní jẹrà. Ọlọ́lá, ẹ bọ́ síwájú, mo fẹ́ wo bẹ́ẹ ṣe ń ṣe é.”

Báyìí ni ìdíje gọ́ọ̀fù ṣe di ìwọ́de lọ sóko. Mọ́tò ńlá ńlá tò tẹ̀ lé àwọn àgbẹ̀, ọ̀gá ń rìn láàárín wọn bí ìyàwó tí kò fẹ́ lọ sílé ọkọ. Wọ́n fún un ní ọkọ́. Ebè tó kọ́kọ́ kọ dà bí ibi tí adìyẹ tú. Akínwọlé fi ẹsẹ̀ kàn án, ó wó.

“Ẹ tún un kọ.”

“Ebè tó dára jù lọ nìyẹn, sà!” ni Dominic kígbe, ẹnu ló ti mọ́ ọn lára. Àbẹ̀ẹ́bí bojú wẹ̀yìn, ó mú ọkọ́ kan, ó kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kí òun náà kọ tirẹ̀. Dominic kò lè ní kò wí i re.

Wọ́n fi àárín ọjọ́ kọ ọ́. Ṣòkòtò funfun pọ́n, ìbọ̀wọ́ ya, bàtà eléyín nìkan ló wúlò. Ìgbà tí ẹ̀kán òjò kìíní bọ́, wọ́n wà ní poro tó kẹ́yìn, wọ́n sì parí rẹ̀ nínú òjò. Àbẹ̀ẹ́bí dúró láàárín ebè rẹ̀, omijé dà pọ̀ mọ́ omi òjò lójú rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, títí kan ọ̀gá. Alhaji wo gbogbo rẹ̀ láti inú mọ́tò, ó yí gíláàsì sókè, ó gba Àkúrẹ́ lọ.

Rédíò ka orúkọ kọmíṣọ́nnà tuntun kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo tẹ́tí dáadáa. Kò sí Adékọ́lá níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yan alága mìíràn sí Àjọ náà, obìnrin kan. Bó ti wọ ọ́fíìsì, gbogbo wọn dìde. Ó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ.

Oko Akínwọlé ló wá kàn nínú àáró. Àwọn kan ní kí wọ́n má wulẹ̀ dúró de ọ̀gá àná, pé ojú á tì í láti wá. Ṣùgbọ́n nílé, Mojíbọ́lá ti gbé ọkọ́ tuntun sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní ìjókòó kò yẹ ọkọ òun, pé àwọn náà ní ilẹ̀ kan ní Emùré-Ilé tí koríko ti jẹ, ta ló fẹ́ wá bá wọn ro ó bí kò bá lọ bá èèyàn ro tiẹ̀? Adékọ́lá wo ọkọ́, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọkọ́.

Ó dé oko láìsí mọ́tò, láìsí agboòrùn. Ẹgbẹ́ ti jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú rẹ̀ tàn. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó dijú, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ̀yin iyọ̀ ilẹ̀! Lónìí tí mo tún padà wá sáàárín yín—”

Ó ti sọ̀rọ̀ jìnnà kó tó la ojú. Kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ti pé, ìdí tí wọ́n fi dìde nìyẹn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ti kọ ebè dé àárín oko, ẹ̀yìn gbogbo wọn ló kọ sí i. Poro kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Àbẹ̀ẹ́bí nìkan ló bojú wẹ̀yìn. “Bàbá,” ló wí, kò sì pè é ní ọ̀gá, “poro yín nìyí.”

Adékọ́lá pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ mú ọkọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè.